Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Oorun àti Ìrònú: Ohun tí Ẹ Lè Ṣe Nílé Kó Tó Di Ọ̀rọ̀ Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ránṣẹ́ ṣáájú kó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ló ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń jó lóde àríyá, tó sì ń sọ pé ara òun le koko. A ti gbà láàárín ara wa pé orí fífọ́ tàbí òòyì ni yóò kọ́kọ́ ta wá lólobó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lè ti máa ru fún ọdún mélòó kan láìjẹ́ pé orí fọ́ni lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbé gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí ka orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ara àti ọ̀rọ̀ ọkàn ti ń pàdé: mágì inú ọbẹ̀, oorun tí a kò sùn, owó ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì pé, gbogbo wọn ló ń já sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ẹni tó bá sì ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ń tọ́jú kíndìnrín, ojú àti ọpọlọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo kọ ọ́ fún ẹni tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe ìgbésẹ̀ kìíní nìkan, kí ẹ tó kan ìkejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Gbogbo ẹni tó ti lé lọ́mọ ọdún 18 ló yẹ kó mọ BP rẹ̀, ìyẹn iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó sanra, aláboyún, àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dúró di ọdún kan. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín lè yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kẹ́míìsì ńlá náà máa ń ṣe é. Tí agbára bá ká a, ẹ ra ẹ̀rọ tiyín kí gbogbo ẹbí jọ máa lò ó. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgbúnwọ́ ni kí ẹ rà. Ti ọrùn ọwọ́ rọrùn láti gbé kiri, ṣùgbọ́n ó tètè máa ń ṣi iye kà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá yín wò: tó bá kéré jù fún apá tó tóbi, iye tí ẹ̀rọ yóò kà máa ga ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Bí a ṣe ń kà á ṣe pàtàkì ju irú ẹ̀rọ tí a rà lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó mu tíì tàbí kọfí, kí ẹ tó jẹ obì, kí ẹ tó lo oògùn, ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn. Kì í ṣe àpótí ìdáná, kì í ṣe etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fẹ̀yìn tì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan kọ́ èkejì. Ẹ bọ́ apá aṣọ yín kúrò, torí orí awọ ara ni a ń so ó mọ́, kì í ṣe orí bùbá. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí ibi tí ẹ wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ṣe déédéé pẹ̀lú àyà. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdákẹ́ yìí ló ń nira fún wa jù: fóònù ń dún, ọmọ ń bèèrè owó búrẹ́dì, aládùúgbò ń kí yín láti ojú fèrèsé, ẹ sì fẹ́ dá a lóhùn. Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan tó láti gbé iye náà sókè. Ẹ tẹ ẹ̀rọ, ẹ kọ iye tó bá kà sílẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un kà. Ẹ ṣe bákan náà lálẹ́. Tí ẹ bá ṣe báyìí fún ọjọ́ méje, ẹ ti ní ohun tí ẹ lè gbé síwájú dókítà. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, torí ìbẹ̀rù ẹ̀rọ sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Iye méjì ni ẹ̀rọ ń kà. Tòkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá tú u jáde. Tìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tí ọkàn ń sinmi. Tó bá dín sí 120/80, ó dára. Nílé ìwòsàn, 140/90 sókè ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nílé tí ara ti balẹ̀, 135/85 ni ààlà. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín èyí tó dára àti ààlà yìí ni oúnjẹ àti ìrìn lè ṣe lóore jù, torí ó ṣì lè má nílò oògùn. Iye kan ṣoṣo tó bá ga kì í sọ ẹnikẹ́ni di aláìsàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá kọ̀ńdọ́ jà nítorí ṣéńjì, BP rẹ̀ yóò ga, kò sóhun tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́.

Ohun tí kò gba ìdúró ni 180/120 sókè. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un kà. Tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà. Tí àyà dídùn, èémí tó ń há, ojú tó ń ṣú tàbí ọwọ́ tó ń kú bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má tún jókòó kà á mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìkòkò ọbẹ̀

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má ju gíráàmù márùn-ún lọ lójúmọ́. Ìyẹn kò ju ṣíbí tíì kan tí a gé ojú rẹ̀ dọ́gba lọ, ohun gbogbo ló sì wà nínú rẹ̀: iyọ̀ ọbẹ̀, mágì, búrẹ́dì, gúgúrú, ṣọ́sééjì, àti lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá kékeré tó máa ń wà nínú núdù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ fún dókítà pé àwọn kì í jẹ iyọ̀, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ, wọn kì í bu iyọ̀. Mágì mẹ́rin ni wọ́n ń fọ́ sínú ọbẹ̀. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ mágì tó wà lọ́jà.

Ẹ má yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ará ilé yóò kọ oúnjẹ sílẹ̀, ẹ̀yin náà á sì padà sí ìdí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tó bá jẹ́ mẹ́rin ni ẹ ń lò, ẹ lo mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ wá dúró sórí ọ̀kan tàbí ìdajì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ahọ́n á ti mọ́ ọn, ẹ ó sì máa rí i pé ọbẹ̀ òde ìnáwó ti ń níyọ̀ jù fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀fọ́ rírò ṣe é. Ẹ dá epo sínú ìkòkò kó gbóná níwọ̀nba, ẹ má jẹ́ kó dúdú. Àlùbọ́sà ni kó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, kó pọ̀ ju bí ẹ ṣe máa ń gé e lọ. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ń pọ́n, ẹ da irú wóòrò sí i lójú epo, kì í ṣe lẹ́yìn tí ata bá ti hó. Epo gbígbóná ló ń tú òórùn irú sílẹ̀, irú tó bá sì ti tú òórùn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mágì. (Ẹ tọ́ irú wò lọ́jà kí ẹ tó rà á, torí àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí i kó má baà bàjẹ́.) Ẹ da ata tí ẹ ti sè kí omi rẹ̀ gbẹ sí i, tàtàṣé àti ata rodo, kí ẹ jẹ́ kó dín títí epo yóò fi léfòó. Ata tí kò dín dáadáa máa ń kan díẹ̀, kíkan yẹn ló sì ń mú ọwọ́ lọ sí agolo iyọ̀. Ẹ fi edé lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ sí i, lẹ́yìn náà mágì kan ṣoṣo. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan iyọ̀. Ẹ̀fọ́ ló kẹ́yìn, iná kékeré, ẹ má bo ìkòkò pa.

Kánún ńkọ́? Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yọ́ kọjá. Ohun tó wà nínú iyọ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, sodium, wà nínú kánún náà. Ẹni tó dín iyọ̀ kù tó sì ń fi kánún se ẹ̀wà àti ewédú lójoojúmọ́, aṣọ lásán ló pààrọ̀ fún ọ̀tá. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, yóò rọ̀ láìsí kánún. Ewédú tó bá jẹ́ ọ̀jọ̀lọ̀, ìjábẹ̀ nìkan tó o.

Ní ti ìyókù oúnjẹ, n kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ ju òkèlè lọ nínú àwo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní potassium tó ń bá kíndìnrín ti iyọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ìṣòro gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó jẹ ẹ́ ní àjẹtúnjẹ. Zóbò tí kò ní ṣúgà dára ju ohun mímu inú agolo lọ, ó sì lè dín BP kù díẹ̀. Kì í ṣe oògùn, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀. Paraga àti ògógóró, ẹ yẹra fún wọn. Tábà pẹ̀lú, títí kan aáṣáà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rìn

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni WHO sọ, ó kéré tán. Tí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ó di ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lójúmọ́, a sì lè gé ọgbọ̀n yẹn sí mẹ́ta. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù tó ṣáájú ti ilé yín. Ẹ rìn débi tí ẹ ó ti ra ata dípò kí ẹ gun ọ̀kadà. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ẹ dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ẹ yí ọjà yín ká. Ìrìn tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí ẹ ṣì lè fi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè fi kọrin.

Mo mọ̀ pé àwọn òpópónà wa kò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ kọjú sí ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí i, ẹ wọ aṣọ funfun bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́. Tí àdúgbò kò bá fararọ, ẹ yí inú ọgbà ilé ká. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè jókòó sórí àga kó máa na ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri. Bí àyà bá ń fún yín tàbí tí ẹ kò lè mí dáadáa, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ kí ẹ lọ rí dókítà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oorun

Wákàtí méje ni àgbàlagbà nílò, ó kéré tán. Ẹni tó gbọ́dọ̀ jí láago mẹ́rin ààbọ̀ kó lè wọ ọkọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló yẹ kó ti sùn. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà ṣírò rẹ̀. Ohun tí ẹ bá máa dín kù, láti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti dín in: fíìmù tó ń lọ títí aago mọ́kànlá, fóònù tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ fi fóònù sí pálọ̀, kí ẹ ra aago kékeré tó ń dún.

Àṣà kan tún wà tí gbogbo wa mọ̀. Iná á dé láago méjì òru, a ó sì dìde pátápátá: ẹni kan ń lọ aṣọ, ẹni kan ń fa omi, ẹlòmíràn ń ṣáájì bátìrì. Ẹ yan ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ òru yìí, kí ẹ sì sùn láwọn ọjọ́ tó kù. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ má gbé e sí kọ́rídọ̀, ẹ má gbé e sí báńkónì, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá. Èéfín rẹ̀ ní májèlé kan tí kò ní òórùn tí ojú kò sì rí, ó ń pa ìdílé lójú oorun.

Tí ẹni tó ń sùn tì yín bá sọ pé ẹ ń hanrun kíkankíkan, tí èémí yín sì ń dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Ó wà lára ohun tó ń mú BP ga tí oògùn kò sì ń ràn. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ṣe gbọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìrònú

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn. Ohun tó máa sọ ni pé orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn lára òun, àyà òun ń já, gbogbo ara ń ro òun. Wọ́n á ní ibà ni. Yóò lo oògùn ibà, yóò tún un lò, ara kò ní yá. Tí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan tó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́, tí ẹ ń jí láago mẹ́ta òru tí oorun kò padà wá, tí oúnjẹ ń kọ̀ tàbí tí ẹ ń jẹ àjẹjù, tí ẹ ń dá ara yín lẹ́bi lórí gbogbo nǹkan, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀, àìsàn ni. Ó ní ìtọ́jú. Lára ọkùnrin, ìbínú àti ọtí ló sábà máa ń gbà yọ, àwọn ará ilé á sì kàn máa sọ pé bàbá ti yí padà.

Ìrònú ojoojúmọ́ tí kò tíì dé ibẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ mú bébà kan lálẹ́, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn. Ẹni tí kò fẹ́ kọ̀wé lè ká ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Lẹ́yìn náà ẹ sàmì sí èyí tí ẹ lè ṣe nǹkan sí lọ́sẹ̀ yìí. Yóò kéré. Owó ilé lè pọ̀ ju agbára yín lọ, ṣùgbọ́n pípe onílé kó tó pe yín wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ká bébà náà. Tí ọ̀rọ̀ bá tún jí yín lóru, ẹ ó ti mọ̀ pé ó ti ní ọjọ́ tirẹ̀.

Tí àyà bá ń já yín nínú ọkọ̀ tàbí ní ọ́fíìsì, ẹ fi imú fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ sì tú u jáde pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀fà. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó wọlé lọ ló ń dẹ ọkàn lára. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹni tó jókòó tì yín kò tilẹ̀ ní mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ẹbí tún wà níbẹ̀, bóyá òun gan-an ló tóbi jù. Gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ ẹnu díẹ̀ nínú wa ló ń gbọ́ bùkátà ẹlòmíràn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pani ni kí a máa ṣèlérí lórí fóònù nítorí ìtìjú, kí a wá máa sá fún ìpè. Ẹ ya iye kan sọ́tọ̀ lóṣù fún ẹbí. Tó bá ti tán, ó tán. Ẹ kọ́ ẹnu yín ní gbólóhùn kan tí kò ní àfojúdi nínú: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n wo àpò mi, màá pè yín lọ́jọ́ Sátidé.” Kí ẹ sì pè é lọ́jọ́ Sátidé lóòótọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ láti sọ pé kò sí.

Ẹ ní ẹnì kan tí ẹ lè sọ òótọ́ fún. Kò gbọ́dọ̀ ju ẹnì kan tàbí méjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n wá bá, ẹ má yára sọ pé “ṣe ọkàn rẹ gírí” tàbí “o ò gbàdúrà tó ni.” Ẹ lè fi báyìí ṣí i fún ọ̀rẹ́ yín: “Ó pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́, o ò ṣe bí o ṣe máa ń ṣe mọ́. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?” Lẹ́yìn náà ẹ panu mọ́. Tó bá sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbé èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ó máa ń jẹ́ kí ara tu ẹni tó ti ń dá a gbé kiri. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìtìjú ilé ìwòsàn ọpọlọ ló ń pa ọ̀pọ̀ mọ́lé. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ: ìpayà yìí ló ń mú kí ẹbí máa gbé aláìsàn pamọ́ sí yàrá. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta wà lára ibi tí ayé ti wá kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ọkàn láìti èèyàn mọ́lé. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, tí wọ́n ń padà sílé lálẹ́. Ọkùnrin Abẹ́òkúta yìí padà di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO. Ẹni tó bá lọ sí Aró lónìí, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, tàbí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn, ó lè rí dókítà kó sì padà sílé lọ́jọ́ náà; ọ̀pọ̀ kì í sùn síbẹ̀. Òfin pẹ̀lú ti yí padà: ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, àdáwà ń ṣe tirẹ̀ níbẹ̀. Ní England, ẹni tó bá ti pé 40 ọdún lè yẹ BP rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn, ẹ sì lè fi orúkọ ara yín sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ti NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, láìjẹ́ pé dókítà kọ ìwé. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni nọ́mbà tí ẹni tí ayé bá sú lè pè, tọ̀sán-tòru.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oògùn

Tí dókítà bá ti kọ oògùn, ojoojúmọ́ ni lílò rẹ̀, ní wákàtí kan náà. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ ni pé wọ́n á yẹ BP wò, wọ́n á rí 125/80, wọ́n á sọ pé ó ti lọ. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Ẹ dá a dúró, yóò padà. Amlodipine lè mú ọrùn ẹsẹ̀ wú, lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ padà sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀; oògùn mìíràn pọ̀. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń retí oyún gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, torí lisinopril àti irú rẹ̀ lè pa ọmọ inú lára. Oògùn aládùúgbò kì í ṣe tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ àìsàn kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ara ríro. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà bí ẹ̀pà máa ń gbé BP sókè, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́ tí wọ́n bá di ojoojúmọ́. Èyí tó burú jù ni àpòpọ̀ inú bébà tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣẹ́ agbára, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún apòògùn pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó fún yín ní ohunkóhun. Àgbo náà rí bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé ewé kò ní agbára. Agbára tó ní gan-an ni kò jẹ́ kó yẹ kí a dà á pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó láìsọ fún dókítà. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lo oògùn.

Ní ti owó, òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn. Ti Èkó ń jẹ́ Ìlera Èkó. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín kí àìsàn tó dé, torí kò sẹ́ni tó ń forúkọ sílẹ̀ lórí ibùsùn.

Tí nǹkan bá yí padà lójijì

Àrùn rọpárọsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru lè fà, kì í fún ni láyè ìpàdé ẹbí. Tí ẹ bá fura, ẹ ní kí onítọ̀hún rẹ́rìn-ín: ṣé ẹnu kò wọ́ sí apá kan? Ẹ ní kó gbé apá méjèèjì sókè: ṣé ọ̀kan kò ń já bọ́? Ẹ ní kó pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀: ṣé ahọ́n kò wúwo? Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó láti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kódà tó bá kọjá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní Èkó, ẹ pe 767 tàbí 112. Níbi tí kò bá sí ọkọ̀ àìsàn, ẹ gbé mọ́tò èyíkéyìí tó bá wà.

Ẹ má fún un ní omi, epo tàbí oúnjẹ, torí ó lè gba ọ̀nà òfun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sin gbẹ́rẹ́ fún un. Ẹ má fún un ní aspirin, nítorí ó lè jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, kì í ṣe pé ó dí. Tó bá ń bì tàbí tí kò mọ ibi tó wà, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ rán ọmọ tó bá wà nílé kó kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ̀yin fúnra yín sì kọ wákàtí tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá sára ọwọ́ yín. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ní wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré tó lè fi ṣiṣẹ́, ìyẹn níbi tó bá wà, wákàtí yẹn sì ni dókítà máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà.